Orí Tí Tíṣà Fò

Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú bá lóko, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ni yóò tọ̀, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ jìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Titus Àjíṣafẹ́ ṣe nígbà tí ikú wọ ilé rẹ̀ ní Inísà. Ohun tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ mọ̀ ni ètò. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ nílùú náà. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, àwọn tí ó ti nà rí sì ń pè é ní Bàbá Lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù lọ nìyẹn. Bí ọmọ méjì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, "Lẹ́sẹẹsẹ!" Bí àwọn obìnrin ìjọ bá ń rọ́ lọ síbi oúnjẹ Olúwa bí agbo àgùntàn, "Lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀yin ìyá!"

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1963 ni éèyi jà ní Inísà. Ó wọ ilé púpọ̀, ó sì jáde nínú púpọ̀ láìmú nǹkan kan lọ. Nílé Tíṣà, kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkẹ́lọmọ, àkọ́bí, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ṣe tirẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, kò kàn án. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló mú: Ọmọ́dára tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD, àti Ọlábímpé tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ já. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìkìrun nínú bọ̀lẹ̀kájà tó kó iṣu, ìyá gbé ọ̀kan, bàbá gbé ọ̀kan. Àwọn nọ́ọ̀sì sa gbogbo agbára wọn. Ọlábímpé ló kọ́kọ́ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Ọmọ́dára tẹ̀lé e. Àwọn ọkùnrin ìjọ ló sin wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí òbí wọn mọ ojú ibi tí wọ́n sin wọ́n sí, nítorí òkú ọ̀fọ̀ ni.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Tíṣà, kò wó mọ́lẹ̀ bí àwọn obìnrin mìíràn ti í wó. Ọmọ Òkúkù ni, ilé olórìṣà ni wọ́n ti bí i. Ìgbà tí Tíṣà fẹ́ ẹ ló tó ṣe ìrìbọmi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní í jáde mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn tó wá kí wọn ti tú ká, ìbéèrè kan péré ló bi ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kíkẹ́, kí la ṣe?"

Tíṣà gbé ìbéèrè náà kiri bí ẹni tí ẹ̀gún há sí lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìdáhùn bá wà, inú Bíbélì ni yóò wà. Bí òun kò bá sì tíì rí i níbẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń kà á, a jẹ́ pé kíkà ségesège tí òun ń kà á ló fà á. Lónìí Sáàmù, lọ́la Mátíù, lọ́túnla ìwé àwọn Ọba. Ta ní ń ka ìtàn ìlú kan bẹ́ẹ̀? Ó gbé Bíbélì ńlá kalẹ̀, ó tò ó gẹ́gẹ́ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, ọdún tẹ̀lé ọdún. Jóòbù fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ síwájú Ábúráhámù, nítorí pé wọ́n ti kọ́ Tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ayé àwọn bàbá ńlá ni Jóòbù gbé. Rúùtù bọ́ sáàárín àwọn Onídàájọ́. Orin Dáfídì kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀ràn tó bí i. Tíṣà gé páálí wẹ́wẹ́, ó fi wọ́n há àárín ojú-ìwé, títí Bíbélì náà fi wú tí kò ṣeé pa dé mọ́.

"A ó kà á bó ṣe ṣẹlẹ̀," ó sọ fún Àbẹ̀kẹ́. "A ò ní fo ẹsẹ kan. Ohun tó ṣáájú ní í bí èyí tó tẹ̀lé e. Bí a bá ń kà á lọ, a ó kan ìdí."

"Ìdí tiwa?"

"Ìdí tiwa wà níbẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́ gbà á gbọ́. Àràárọ̀, kí Tíṣà tó lọ sílé-ìwé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà á kà, Kíkẹ́lọmọ á gbà á kà, Àbẹ̀kẹ́ á máa ṣa ẹ̀wà, á sì máa gbọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìran Ádámù, tí orúkọ ń tẹ̀lé orúkọ, Kíkẹ́lọmọ fẹ́ dọ́gbọ́n fo díẹ̀. Tíṣà kan ìka mọ́ ọn lórí.

"Padà. Ẹni tó bá fo orúkọ kan, ó ti fo ènìyàn kan."

Wọ́n ka Jóòbù. Ó gba ọ̀pọ̀ òwúrọ̀, Àbẹ̀kẹ́ kò sì sọ nǹkan kan sí gbogbo àròyé àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ìgbà tí wọ́n dé òpin ìwé náà, tí Tíṣà ń kà á pẹ̀lú ohùn gíga pé Ọlọ́run dá gbogbo nǹkan padà fún Jóòbù ní ìlọ́po méjì, ó sì tún bí ọmọkùnrin méje àti ọmọbìnrin mẹ́ta, ni Àbẹ̀kẹ́ gbé atẹ ẹ̀wà kalẹ̀.

"Àwọn ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí ilé wó pa."

"Wọ́n ti kú, Àbẹ̀kẹ́. Ọlọ́run ti fi àwọn mìíràn rọ́pò wọn."

"Háà. Ṣé ìkòkò ni wọ́n? Mo ní ìkòkò ló fọ́ ni, tí ẹnì kan lọ ra òmíràn?" Ó pòṣé. "Méje àti mẹ́ta. Wọ́n kú, wọ́n kà wọ́n. Wọ́n bí wọn, wọ́n kà wọ́n. Ṣé Jóòbù yìí ò níyàá ni, tí ì bá sọ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde, àwọn méjèèjì dákẹ́. Tíṣà gbé Bíbélì sílẹ̀, ó wá fìlà rẹ̀, ó sì lọ sílé-ìwé ní kùtùkùtù tí àwọn ọmọ kò tíì gbálẹ̀.

Ohun tó mú wọn dákẹ́ nìyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, ìjọba ka gbogbo ènìyàn ilẹ̀ yìí. Àwọn tíṣà ni wọ́n kó ṣe iṣẹ́ náà, Àjíṣafẹ́ sì ni olórí wọn ní Inísà. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà kan tó ń jẹ́ Ògúnjọbí ló jọ ń kiri láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ náà le. Ẹ bi obìnrin ní iye iṣu tó gbé lọ sọ́jà, á sọ. Ẹ bi í ní iye ọmọ rẹ̀, á máa wo òrùlé. Ìyá Àjíkẹ́ aládìn-ín ló ṣe é jù.

"Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?" Ògúnjọbí bi í, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n pọ̀."

"Mélòó ni wọ́n pọ̀ tó?"

"Sáà kọ 'wọ́n pọ̀' síbẹ̀. Àbí pẹ́ńsù tìẹ ò lè kọ 'wọ́n pọ̀'?"

"Ìjọba ò ṣe àyè fún 'wọ́n pọ̀' nínú fọ́ọ̀mù yìí, Ìyá."

"Kí ìjọba lọ bí tirẹ̀, kó sì jókòó tì í, kó máa kà á."

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé wọn kò ní lọ, Ìyá Àjíkẹ́ wọ ibi ìpakùrọ́ rẹ̀, ó bu èkùrọ́ wá, ó ń sọ wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ Ògúnjọbí lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó tó, ó gbọn ọwọ́ nù. "Ó yá, ka èkùrọ́. Ṣó o gbọ́? Èkùrọ́ lo kà. O ò ka ọmọ mi." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àrà náà ti dé gbogbo àdúgbò, bí wọ́n bá ti rí àwọn tíṣà lókèèrè, èkùrọ́ ni wọ́n ń bù jáde. Ògúnjọbí gbà á bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ.

Nígbà tó kan ilé Tíṣà fúnra rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ náà bu èkùrọ́ wá.

"Nínú ilé tèmi?" ni Tíṣà wí. Àwọn ènìyàn ti dúró sójú ọ̀nà, wọ́n ń wò. Ó rò ó pé bí ìlú bá rí i lọ́dọ̀ òun, ìlú á kọ́gbọ́n. Ó da èkùrọ́ náà sílẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ síta, ó tò wọ́n síwájú ilẹ̀kùn láti orí èyí tó ga jù dé èyí tó kéré jù, ó sì ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Bàbá Kíkẹ́, mo bẹ̀ yín," kò gbọ́. Ọlábímpé rẹ́rìn-ín nítorí pé ọwọ́ náà rìn ín, ó ní kí bàbá òun tún òun kà. Tíṣà tún un kà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àwọn ọmọ náà, kò sí ẹni tó dárúkọ ọ̀ràn yìí nínú ilé, títí di òwúrọ̀ Jóòbù.

Wọ́n ń kà á lọ. Ábúráhámù lọ, Jósẹ́fù lọ, Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ògúnjọbí sáré wọ ọ́fíìsì Tíṣà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ rédíò? Ìjọba ti da ìkànìyàn tá a ṣe yẹn nù."

"Wọ́n ṣe kí ni?"

"Wọ́n dà á nù, sà. Gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní iye tó wà níbẹ̀ ò tọ̀nà, àwọn kan bu kún tiwọn. Wọ́n ní a ó tún un kà kí ọdún yìí tó parí. Gbogbo ìrìn tá a rìn lásán! Èkùrọ́ tí mo kà, ọlọ́jà ò lè kà á."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà sọ fún un pé kó padà sí kíláàsì. Nígbà tí ó jáde, Tíṣà yíjú sí pátákó tó wà lára ògiri. Ó ti kọ nǹkan sí i fún àwọn ọmọ, ó sì fi ọwọ́ nù ún kúrò láìmọ ohun tó ń ṣe. Nínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn náà, ó ti fi pẹ́ńsù kọ "mẹ́ta" síwájú orúkọ ara rẹ̀. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì kan ti da "mẹ́ta" náà nù. Kò rí ẹni tó lè bi pé kí ni wọ́n fẹ́ fi dípò.

Ó rò pé òun á fi pamọ́ fún Àbẹ̀kẹ́. Ìyá Àjíkẹ́ ti sọ fún un kó tó délé.

"Wọ́n á tún wá," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

"Òfin ìjọba ni."

"Wọ́n á wá ka Kíkẹ́."

"Gbogbo ènìyàn ni wọn á kà, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni wọ́n tún fi ṣe olórí."

"Ẹ tètè gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ó má di ìjà. Òun nìkan ló kù. Wọn ò ní kà á."

Tíṣà kò jà. Ó mọ̀ pé ìwé Númérì ń bọ̀ níwájú, inú rẹ̀ sì dùn, ìdùnnú àkọ́kọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó kà á ketekete bí ẹni tí ó rí ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ fún Mósè pé kí ó ka àwọn ènìyàn, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ilé kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé o gbọ́? Ọlọ́run ló ní kí wọ́n kà wọ́n."

"Mo gbọ́." Àbẹ̀kẹ́ kò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀wà. "Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí ẹ kà á pé ẹni tí wọ́n bá kà gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá ṣe ètùtù orí ara rẹ̀, kí àjàkálẹ̀-àrùn má baà jà nígbà tí wọ́n bá ń kà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń kà bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ àgọ́ náà ni."

Tíṣà ṣí i padà. Ó wà níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti ń ka Bíbélì, ojú rẹ̀ ti kọjá lórí ẹsẹ náà láìmọye ìgbà, kò rí i rí.

"Kí lẹ mú wá nítorí orí Ọmọ́dára?" ni Àbẹ̀kẹ́ bi í.

"Ìjọba ò béèrè nǹkan kan."

"Mi ò bi yín ní ti ìjọba."

Kíkẹ́lọmọ ń wo bàbá, ó ń wo ìyá. Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lórí atẹ, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ná ọjà tí kò fẹ́ kó bà jẹ́. "Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ ní ìdí wà níwájú, ẹ máa kà á lọ. Bí mo bá gbọ́ ìdí mìíràn kí àwọn oníkíkà tó dé, Kíkẹ́ á dúró sí iwájú ilẹ̀kùn, wọn á sì kà á. Bí mi ò bá gbọ́, èmi àti ọmọ mi ń lọ sí Òkúkù."

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń kà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń kà ní àárọ̀, ó sì ń ka ohun tó kàn fúnra rẹ̀ níbi iṣẹ́, kí ó lè mọ ohun tó ń bọ̀. Ó wá ìdí nínú aginjù, ó wá a ní Jẹ́ríkò. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọmọ tí aya Ùráyà bí fún Dáfídì ṣàìsàn tó sì kú, ó rò pé òun ti rí i, pé ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ni. Ó yẹ ara rẹ̀ wò tọ̀sán tòru. Kò gba aya ẹnikẹ́ni. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹgba tó fi na àwọn ọmọ nílé-ìwé, ṣé ìyẹn náà tó? Ó sọ èyí fún Àbẹ̀kẹ́.

"Bí ó bá jẹ́ ti ẹgba ni," ni Àbẹ̀kẹ́ wí, "gbogbo tíṣà ni ì bá ti yàgàn."

Oṣù kẹwàá ń lọ sópin. Wọ́n pe àwọn olórí oníkíkà sí Ìkìrun láti wá kọ́ wọn ní iṣẹ́. Ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò gbọ́dọ̀ gba èkùrọ́ tàbí òkúta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ni kí wọ́n fi rí ẹni tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi ọmọ pamọ́, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ wá. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Nígbà tí Tíṣà ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, kì í ṣe ìyẹn ló ń rò. Orí kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, ó sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n láti oṣù mélòó kan, bí awakọ̀ ti í mọ̀ pé afárá kan ti já níwájú, tí yóò sì máa wà á lọ. Dáfídì ka àwọn ènìyàn rẹ̀. Àjàkálẹ̀-àrùn sì pa wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́ kò mọ̀wé. Orí kan péré ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ojú-ìwé méjì pọ̀. Ó gbé Bíbélì sí iwájú Kíkẹ́lọmọ, ó sì tọ́ka sí ibẹ̀rẹ̀ ìwé àwọn Ọba, níbi tí Dáfídì ti darúgbó tí òtútù ń mú un, tí aṣọ kò sì lè mú un móoru.

"Bẹ̀rẹ̀."

Kíkẹ́lọmọ wo ojú-ìwé náà, ó sì fi ìka ṣí i sẹ́yìn. "Bàbá, a ò tíì parí Sámúẹ́lì. Ó ku orí kan."

"Ka èyí tí mo ní kí o kà."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ká má…"

"Mo ní kí o kà á!"

Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ dúró lórí atẹ. Tíṣà kì í jágbe mọ́ Kíkẹ́lọmọ mọ́ láti ìgbà tí òun nìkan ti ṣẹ́ kù. "Kíkẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, "kí ló wà níbi tí bàbá rẹ ń fò yẹn?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀.

"Má wò ó. Èmi ni mo bi ọ́. Kà á sí mi létí."

Tíṣà lè gba Bíbélì náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé. Kíkẹ́lọmọ fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ, kò fo nǹkan kan. Ó kà á pé ọba ní kí wọ́n lọ ka àwọn ènìyàn. Ó kà á pé Jóábù bẹ ọba pé kí ló dé tí nǹkan báyìí fi wu olúwa òun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba borí. Ó kà á pé wọ́n kiri gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n kó iye náà wá, ọkàn Dáfídì sì lù ú lẹ́yìn tó kà wọ́n tán. Nígbà tó dé ibi àrùn, tí iye àwọn tó kú gùn, ó kọsẹ̀ lórí iye náà, ó tún un pè, ó pè é já.

Àbẹ̀kẹ́ gbé atẹ kalẹ̀.

"Jóábù sọ fún un," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Dáfídì ò gbọ́."

"Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ìgbéraga ni ti Dáfídì. Kì í ṣe kíkà gan-an ni…"

"Mi ò bá Dáfídì ṣẹjọ́. Ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá ka orí yìí bí ẹ ti ń ka ìyókù, tí ẹ ní Ìyá Kíkẹ́, èyí ò kàn wá, bóyá ǹ bá gbà yín gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé yìí, mi ò já irọ́ lẹ́nu yín rí. Bí kì í bá ṣe ìkànìyàn ló pa wọ́n, kí ló dé tí ẹ fi fò ó?"

"Nítorí tìrẹ ni. Kí o má baà ṣì í gbọ́."

Àbẹ̀kẹ́ wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú. "Rárá o. Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà."

Tíṣà la ẹnu. Ohun gbogbo tó ti fi kọ́ ọmọ aráyé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: àrùn tí í fò láti ara ọmọ kan dé ara èkejì, ìgbàgbọ́ asán, ìmọ́lẹ̀ tó borí òkùnkùn. Kò rí ọ̀kan mú. Ó rí i gbangba nígbà náà pé kì í ṣe ìdí ni òun ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí kan ti wà lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bọ̀ láti Ìkìrun pẹ̀lú òkú Ọlábímpé, tí àtẹ́lẹwọ́ òun ń rìn yẹ̀yẹ̀ bí ẹni pé orí ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí mìíràn, èyíkéyìí, ni òun ń wá, láti Jẹ́nẹ́sísì wá, kó má baà jẹ́ ìyẹn. Gbogbo ètò tí òun sì tò, ibẹ̀ ló mú òun wá.

Àbẹ̀kẹ́ dìde, ó da ẹ̀wà padà sínú àpò, ó sì wọlé lọ di ẹrù.

Kíkẹ́lọmọ ń sunkún lẹ́bàá Bíbélì. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́."

"O ò ṣẹ̀ mí," ni Tíṣà wí. "Bí mo ṣe kọ́ ọ lo ṣe é."

Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti gba ọ̀nà Òkúkù lọ.

Ìkànìyàn dé ní oṣù kọkànlá. Tíṣà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, ó pín àdúgbò fún àwọn oníkíkà, ó gba fọ́ọ̀mù, ó rò wọ́n pọ̀. Ògúnjọbí ló kan ilé rẹ̀.

"Ẹni mélòó ló sùn níbí lánàá, sà?"

"Ẹnì kan."

Ògúnjọbí kọ ọ́. "Ìyá àti Kíkẹ́ wà ní Òkúkù, àbí? Ẹ má ṣèyọnu, sà. Àwọn tí ó wà lọ́hùn-ún á kà wọ́n."

Tíṣà mọ̀ pé wọn kò ní rí Kíkẹ́lọmọ. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní ahéré lóko. Ó ti fọwọ́ sí ìwé ní Ìkìrun pé òun á tú àṣírí ẹni tó bá fi ọmọ pamọ́; gbólóhùn kan sí etí Ògúnjọbí ti tó. Kò sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ tán, ó jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbàdúrà, àdúrà tó ti inú rẹ̀ wá, èyí tí kò tíì rí gbà láti ìgbà ọyẹ́. Ó ní kí wọ́n má rí i. Ó ń tún un sọ, kí wọ́n má rí i, kí wọ́n má rí i, kò sì mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún mọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó wọ aṣọ ìjọ́sìn rẹ̀, ó rìn lọ sí Òkúkù láti lọ mú wọn wálé. Adépọ̀jù, ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, wà níwájú ilé, ó ń hun agbọ̀n.

"Áà, àna wa! Tíṣà! Ṣé ẹ ti wá kà wá ni?"

"Rárá o. Mo wá kí yín ni."

"Ẹ jókòó. Àga kan nìyí, ẹ lè kà á. A ò ní bínú."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, ó gbé omi fún un, ó gbé iyán wá. Kíkẹ́lọmọ sáré dì mọ́ ọn. Ara rẹ̀ le, ó ti dúdú díẹ̀ sí i nítorí oòrùn oko. Kò sí ẹni tó kà á. Ayọ̀ tó sọ sí Tíṣà lọ́kàn tì í lójú.

Ó jẹun tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ìkànìyàn ti parí, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ kó ẹrù yín, ká máa lọ."

"Ẹ ní ó ti parí."

"Ó ti parí. Èmi ni mo fọwọ́ sí ti Inísà."

"Ti ìṣáájú ńkọ́? Ṣebí ẹ fọwọ́ sí i?" Àbẹ̀kẹ́ kó àwo náà lé ara wọn. "Wọ́n ní ó parí nígbà náà. Ní ẹ̀yìn ọdún, wọ́n ní kò tó. Bí wọ́n bá tún ní kò tó, ta lẹ ó rán sí wọn, Bàbá Kíkẹ́? Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn pé ọmọ yín ti tán?"

Tíṣà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó lè bá a jiyàn. Ó lè pe àwọn ará ilé rẹ̀, ó lè sọ pé òun ló sanwó orí rẹ̀, kí àwọn àgbà sì dá òun láre. Ohun tó dá a dúró kì í ṣe Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí ó rò ó pé Kíkẹ́lọmọ yóò tún máa kọjá lábẹ́ ẹnu ọ̀nà tí òun tò wọ́n sí, ẹ̀rù bà á. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá gbà, òun gan-an kò ní fẹ́ kí ọmọ náà wá.

Kíkẹ́lọmọ sìn ín dé ibi tí ilé pin.

"Bàbá, ibo lẹ kà á dé?"

"Ibi tí o kà á dé náà."

"Ẹ ò kà á mọ́? Ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ Jésù."

"Padà sílé," ni Tíṣà wí. "Máa gbọ́ ti ìyá rẹ."

Ó dúró títí ọmọ náà fi wọlé, ó sì yíjú sí ọ̀nà Inísà. Oòrùn ṣì wà lókè. Àwọn tó bá a pàdé lọ́nà ń kí i pé, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ìjọba o," ó sì ń dá wọn lóhùn.